Oríkì Éésì Ọkọ̀ Àgbà

Éésì ọkọ̀ àgbà, jẹ́ kí n kì ọ́.
Ọba Atẹ́gùn-Gbígbóná, aládé inú dáṣíbọọ̀dù,
A-pariwo-má-tutù,
A-gba-gáàsì-lánàá-gba-gáàsì-lónìí.
Olówó kọjá, o gba tirẹ̀;
Tálákà kọjá, o gba tirẹ̀.
O wọ ọkọ̀ ojú omi láti Amẹ́ríkà, o gba Kútọnu wọlé,
O dé Ìlú Bìní tán, o gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ kàn ọ́ mọ́ ọkọ̀.
Oòrùn oṣù kẹta ń ta lórí páànù,
Awakọ̀ ń fi tówẹ̀lì nu ọrùn,
O ń fẹ́ fùù, ooru ni.
Wọ́n ní kí n má kì ọ́, wọ́n ní o ò yẹ lẹ́ni à ń kì.
Mo ní oyè tí ìwà rẹ fi ọ́ jẹ ni n ó fi kì ọ́.

Ẹnu ìjálá ni mo yá, nítorí irin ni mo fẹ́ kì. Ògún tí à ń bọ nílẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ń bọ ní Bìní náà. Àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ tó wà ní Igun Street kò kóyán rẹ̀ kéré. Ohunkóhun tó bá ní ẹ́ńjìnnì tó sì ń sáré lójú títì, abẹ́ Ògún ló wà. Bí irin kan bá wá ń jẹun láìṣiṣẹ́, ìta gbangba ló yẹ ká ti kì í, kí gbogbo ayé gbọ́ oyè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára gan-an. Ooru inú ọkọ̀ ń ṣe awakọ̀ ní jàǹbá: orí á máa fọ́ ọ, òòyì á máa kọ́ ọ, oorun á máa kùn ún lójú ọ̀nà tó yẹ kó lajú sílẹ̀. Òjò tó ń rọ̀ ní Ìlú Bìní lọ́dún kan lè tó 2,000 mìlímítà. Bí òjò bá ń rọ̀ tí fèrèsé wà ní títì, èémí ènìyàn méjì péré ti tó láti bo gíláàsì iwájú. Ẹni tó bá ti wakọ̀ nínú òjò lọ́nà Bìní sí Ọ̀rẹ̀ rí, tí gíláàsì ṣú mọ́ ọn lójú, tí iná tírélà ń tàn yòò bọ̀ níwájú, mọ̀ pé éésì kì í ṣe nǹkan fàájì. Éésì ló ń gba omi kúrò nínú atẹ́gùn kó tó fẹ́ ẹ sára gíláàsì. Èyí tó bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́ ti di awakọ̀ lójú.

Mi ò bá gúọ́ńgúọ̀rọ̀ 911 tó ń kó gẹdú wí o. Fèrèsé ló fi ń mí, kò ṣèlérí otútù fún ẹnikẹ́ni. Píkọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ tó ní bọ́tìnì éésì ni mo ń kì, èyí tí wọ́n ya àwòrán yìnyín sára bọ́tìnì rẹ̀, tó ní ihò atẹ́gùn mẹ́rin níwájú, tó sì jẹ́ pé ooru ló ń fẹ́. Ford F-150 ni o, Hilux ni o, Tundra ni o, Dodge Ram ni o, wọ́n pọ̀ ní Aduwawa, wọ́n pọ̀ ní Uselu, wọ́n pọ̀ lójú Sapele Road. Bíà ni wọ́n ń kó, símẹ́ńtì ni wọ́n ń kó, àwọn kan ń kó ẹ̀yà ọkọ̀ jáde láti ọjà Uwelu. Ọkọ̀ tó ń bọ́ ilé ni wọ́n. Ẹni tó ń jókòó sínú wọn láti àárọ̀ dalẹ́ yẹ lẹ́ni tí atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí.

A-jẹ-gáàsì-má-yó, ọ̀rẹ́ oníṣílíńdà,
Wọ́n rọ R-134a sí ọ lẹ́nu, o ní ó kù,
Wọ́n rọ òmíràn, o ní ó kù,
Oṣù kan kọjá, o tún la ẹnu.
Ikùn rẹ lu jára, ìwọ ni o ń bèèrè oúnjẹ,
Ẹni tó ń bọ́ ọ kò bẹ ikùn rẹ wò.

Ohun tí mo máa ń gbọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù kì í yí padà. Bàbá awakọ̀ á ní, "Ọ̀gá, éésì mi ò tutù mọ́ o." Ọmọkùnrin tó di ṣílíńdà gáàsì mú, tí kò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á ti dáhùn: "Dádì, gáàsì ló tán. Ẹ jẹ́ ká fún un ní gáàsì." Wọ́n á fún un. Á tutù fún ọjọ́ mélòó kan, á tún di ooru, Bàbá á tún padà wá, wọ́n á tún bá a rọ ọ́. Ibẹ̀ gan-an ni inú mi ti ń bàjẹ́, nítorí owó tí Bàbá fi ra gáàsì léraléra ti tó ra ẹ̀yà tó bàjẹ́ gan-an, kí ṣéńjì sì kù sí i lọ́wọ́.

Gáàsì éésì kì í jóná, ẹ́ńjìnnì kì í mu ún. Inú páìpù tí a dé pa ló ń yí po. Kọ̀ǹpẹ́résọ̀ á fún un pọ̀, á gbóná. Kọ̀ǹdẹ́ńsà tó wà níwájú rédíétọ̀ á gba ooru lára rẹ̀, á di olómi. Á gba ojú ihò tín-ín-rín wọ kọ́ìlì inú dáṣíbọọ̀dù, ibẹ̀ ni yóò ti hó, tí yóò fa ooru inú ọkọ̀ mọ́ra, kó tó padà sọ́dọ̀ kọ̀ǹpẹ́résọ̀. Gáàsì R-134a tí a bá tú síta ń hó ní 26 Celsius ní ìsàlẹ̀ òdo, ìdí nìyẹn tó fi ń bó ọwọ́ ẹni tó bá ṣeré pẹ̀lú rẹ̀ láìwọ ìbọ̀wọ́. Họ́ọ̀sì rọ́bà lè jẹ́ kí díẹ̀ yọ́ jáde láàárín ọdún púpọ̀, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó gba gáàsì lóṣù tó kọjá tó tún ń bèèrè lóṣù yìí, ó ní ibi tó ti ń jò. Ibẹ̀ ló yẹ ká wá.

Kò sì ṣòro wá tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Gáàsì kì í dá jáde, òróró kọ̀ǹpẹ́résọ̀ ń bá a lọ. Oríkèé páìpù tí erùpẹ̀ bá ti lẹ̀ mọ́, tó dúdú, tó ń yọ̀ lọ́wọ́, ibẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọṣẹ olómi sí, kí wọ́n wò bóyá yóò hó. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n wo iwájú kọ̀ǹpẹ́résọ̀ níbi tí bẹ́líìtì ti ń yí i, kí wọ́n wo kọ̀ǹdẹ́ńsà níbi tí òkò ojú títì ti ń bà á. Kí wọ́n má sì fo ojú ihò tí wọ́n ń gbà rọ gáàsì: fáàfù kékeré kan wà nínú rẹ̀, ìdérí rẹ̀ á ti sọnù tipẹ́, yóò máa jò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sẹ́ni tí yóò fura.

Gééjì pàápàá ń tan aláìmọ̀kan jẹ. Bí ọkọ̀ bá ti tutù tí ojú ọjọ́ wà ní 30 Celsius, gééjì méjèèjì yóò dúró nítòsí 97 psi, ìbáà ṣe pé gáàsì kún, ìbáà ṣe pé ó ku díẹ̀, kí ó ṣáà ti ku olómi nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá wo gééjì lórí ẹ́ńjìnnì tí kò ṣiṣẹ́, tó sì ní "ó ti dín," kò rí nǹkan kan. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ ni gééjì tó lè sọ òótọ́: ọ̀kan á wálẹ̀ sí bíi 25 sí 45, èkejì á gòkè kọjá 200. Bí àwọn méjèèjì kò bá sún, kọ̀ǹpẹ́résọ̀ ni kò fún nǹkan kan, ó lè jẹ́ pé kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò tilẹ̀ mú. Ìwọ̀n gáàsì tó yẹ wà lára bébà tí ilé-iṣẹ́ lẹ̀ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, òṣùwọ̀n ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ó bá pọ̀ jù, éésì kò ní í tutù, kọ̀ǹpẹ́résọ̀ á máa jìyà.

Bí wọ́n bá sì ti tú páìpù, atẹ́gùn Bìní tó kún fún omi ti wọlé nìyẹn. Omi yẹn á di yìnyín lójú ihò tín-ín-rín, á dí i. Á bá òróró dàpọ̀, á máa jẹ irin nínú. Ẹni tó mọṣẹ́ á fi pọ́ǹpù fa gbogbo rẹ̀ jáde fún 30 ìṣẹ́jú ó kéré tán, á pààrọ̀ agolo tó ń mu omi, kó tó mẹ́nu ba gáàsì. Irú wọn wà ní Bìní, mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Tẹmómítà wà nínú àpò ẹ̀wù wọn, wọn a sì máa tì í bọ ihò atẹ́gùn kí wọ́n tó gbowó àti lẹ́yìn tí wọ́n bá gbowó.

Ọkọ̀ tó bá dàgbà ju ti R-134a lọ, èyí tó ti wà ṣáájú bíi 1994, gáàsì R-12 ni wọ́n bí i mọ́. Thomas Midgley àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe gáàsì yẹn jáde ní Amẹ́ríkà ní 1928, gbogbo ayé sì lò ó títí Mario Molina àti Sherwood Rowland fi sọ ní 1974 pé irú rẹ̀ ń ba ozone òkè ọ̀run jẹ́. Àdéhùn Montreal, tó wà láti fòpin sí irú gáàsì bẹ́ẹ̀, tẹ̀lé e ní 1987. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní 1988. Ọkọ̀ R-12 tí wọ́n bá fẹ́ sọ di ti R-134a gbọ́dọ̀ gba òróró tuntun, rọ́bà oríkèé tuntun àti agolo amumi tuntun. Rírọ gáàsì tuntun lé òróró àtijọ́ lórí, kọ̀ǹpẹ́résọ̀ ni wọ́n ń pa.

Ilẹ̀kùn-inú-àpótí, a-kẹ̀yìn-sẹ́ni-kọjú-sí-gíláàsì,
Wọ́n yí ọ sójú, gíláàsì lo fẹ́ sí,
Wọ́n yí ọ sẹ́sẹ̀, gíláàsì lo fẹ́ sí,
Wọ́n pa ọ́, wọ́n tan ọ́, gíláàsì náà ni.
Olóòótọ́ sí ẹyọ ìlú kan ṣoṣo,
Balógun tí kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ọba rẹ̀.

Èyí ni mo fẹ́ kí gbogbo onípíkọ́ọ̀pù àtijọ́ gbọ́ yéké, nítorí òun ló ń jẹ owó àìmọ̀ jù. Lẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù, àpótí kan wà tí àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké wà nínú rẹ̀. Wọ́n ló ń pinnu bóyá atẹ́gùn yóò fẹ́ sójú, sẹ́sẹ̀, tàbí sí gíláàsì iwájú. Nínú ọ̀pọ̀ Ford F-150 àtijọ́ àti àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà mìíràn, iná kọ́ ló ń ṣí ilẹ̀kùn yìí. Fákúùmù ni, ìyẹn agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa atẹ́gùn. Họ́ọ̀sì tín-ín-rín kan á gbé e láti ara ẹ́ńjìnnì, á gba inú fáàfù tó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo, á kó díẹ̀ pamọ́ sínú agolo ìpamọ́, kó tó wọnú dáṣíbọọ̀dù. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà sì ro ọ̀rọ̀ ẹ̀mí: wọ́n ṣe é débi pé bí fákúùmù bá sọnù, gbogbo atẹ́gùn á padà sí gíláàsì, kí awakọ̀ má bàa fọ́jú nínú òjò. Mo kí wọn fún ìyẹn tọkàntọkàn.

Ẹ bá mi gun òkè Ikpoba. Ọkọ̀ kọjá afárá odò, ó kó símẹ́ńtì, ó kọrí sí Ramat Park. Awakọ̀ tẹ tọ́rọ́tù mọ́lẹ̀. Ní báyìí, fákúùmù inú ẹ́ńjìnnì ti lọ sílẹ̀ pátápátá, nítorí bí tọ́rọ́tù bá ṣí gbàgà, atẹ́gùn ń wọlé fàlàlà débi pé fákúùmù á fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Agolo ìpamọ́ àti fáàfù ló yẹ kó gbé ilẹ̀kùn dúró títí ọkọ̀ yóò fi dé òkè. Bí fáàfù bá ti bàjẹ́, tàbí họ́ọ̀sì ti sán, atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí awakọ̀ lójú á sá lọ sí gíláàsì ní àárín òkè. Bí ó bá dé ibi tó tẹ́jú, tó gbẹ́sẹ̀ kúrò, atẹ́gùn á padà sójú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan bọ́tìnì. Ọkọ̀ náà ti fẹnu ara rẹ̀ sọ àìsàn rẹ̀. Kò sí gáàsì nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá, síbẹ̀ wọ́n á tà á fún awakọ̀, wọ́n á ní "afẹ́fẹ́ rẹ̀ ò lágbára."

Ibi tí họ́ọ̀sì yìí ti sábà ń sán ni ìtòsí bátìrì, níbi tí ásíìdì àti ooru ẹ́ńjìnnì ti ń jẹ ẹ́, àti ibi tó ti ń gba ara páànù kọjá wọ inú ọkọ̀. Mo ti rí èyí tó gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi rún wómúwómú ní ọwọ́, dúdú, kò nípọn ju okùn bàtà lọ. Bí ẹ bá pa rédíò, tí ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, tí ẹ yí bọ́tìnì láti ojú sẹ́sẹ̀, ẹ ó gbọ́ "sìì" lẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù tàbí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Gééjì fákúùmù tí wọ́n bá so mọ́ ọn yẹ kó fi 17 sí 21 íǹṣì mẹ́kúrì hàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́. Ìwọ̀nba họ́ọ̀sì rọ́bà tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ti tó tún un ṣe. Ọkọ̀ dísù kì í ní fákúùmù yìí láti ara ẹ́ńjìnnì, pọ́ǹpù ló ń ṣe é fún un. Bí pọ́ǹpù bá kú, àpótí náà á yadi. Kí ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ fákúùmù ṣeré: bíréékì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń jẹ nínú ìkòkò kan náà. Bí atẹ́gùn bá ń sá lọ sí gíláàsì, tí pẹ́dà bíréékì sì ń le lábẹ́ ẹsẹ̀, ẹ má gun òkè kankan mọ́ títí tí wọ́n á fi rí ibi tó ń jò.

Bulówà ńkọ́? Bulówà, adágún-má-ṣàn, a-mọ-sísáré-nìkan.
Wọ́n yí ọ sí 1, o dákẹ́. Wọ́n yí ọ sí 2, o dákẹ́.
Wọ́n yí ọ sí òpin, o fi gbogbo ilé mì tìtì.

Èyí kò le. Bí bulówà, ìyẹn fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ọkọ̀, bá ń ṣiṣẹ́ ní ìparí nìkan, rẹ̀sísítọ̀ ló jóná, nítorí ìparí ni iná kì í gba inú rẹ̀ kọjá. Inú ọ̀nà atẹ́gùn gan-an ni wọ́n fi rẹ̀sísítọ̀ sí, kí atẹ́gùn lè máa tù ú. Bí ewé àti ìdọ̀tí bá dí ọ̀nà, ooru á pa á, á sì yọ́ ojú ṣọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹni tó bá pààrọ̀ rẹ̀sísítọ̀ tí kò pààrọ̀ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti dúdú, tí kò sì kó ewé jáde, yóò tún rà á láìpẹ́. Bulówà tí kò bá ṣiṣẹ́ rárá, fíùsì àti riléè ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Bí wọ́n bá fi ìdí sikudiráfà kàn án lára gbọ̀ngbọ̀n tí ó sì jí, búrọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ ti jẹ tán.

Ibi tí wọ́n ti ń fa atẹ́gùn wọlé ni ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú, lábẹ́ wáípà. Ọkọ̀ tó bá ń sùn lábẹ́ igi máńgòrò, ewé máńgòrò ló ń jẹ. Ọkọ̀ tó bá ń sùn lẹ́bàá ọjà, eku á kó iyàwó àti ọmọ wọ inú bulówà rẹ̀. Ẹ yọ bulówà jáde láti abẹ́ dáṣíbọọ̀dù lápá èrò, òun kì í sábà ju ìdè mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, ẹ ó rí fóòmù àga tí eku gé, ìkarahun ẹ̀pà, bébà súìtì, irun, àti erùpẹ̀ pupa Bìní tó ti di amọ̀ lójú kọ́ìlì. Atẹ́gùn wo ló fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá? Òórùn tó ń jáde ní àárọ̀ kì í ṣe àìsàn gáàsì. Ẹ gbá a, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi wáyà nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu ọ̀nà.

Híítà, àlejò tí kò sẹ́ni tó pè é,
Ọmọ ilẹ̀ yìnyín tó wá ń yá iná lábẹ́ òòrùn Bìní.

Híítà ni rédíétọ̀ kékeré kan tó wà nínú àpótí ẹ̀yìn dáṣíbọọ̀dù yẹn kan náà, omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ilẹ̀kùn mìíràn ló ń pín atẹ́gùn láàárín òun àti kọ́ìlì tútù. Bí ilẹ̀kùn yìí bá há sápá gbígbóná, éésì lè máa ṣiṣẹ́ dáadáa, kí ooru híítà sì máa jẹ otútù rẹ̀ tán. Báyìí ni wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n: ẹ fi ọwọ́ kan páìpù éésì tó sanra lẹ́bàá páànù ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá tutù nini tó ń làágùn, tí ihò inú ọkọ̀ sì ń fẹ́ ooru, ẹ fi kílááǹpù fún họ́ọ̀sì híítà fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí otútù bá dé, ẹjọ́ ti ilẹ̀kùn ni, kì í ṣe ti gáàsì. Nínú ọkọ̀ tó jẹ́ pé mọ́tọ̀ kékeré ló ń yí ilẹ̀kùn, ẹ lè gbọ́ "ka, ka, ka" lẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù, eyín ike ló ti ká. Ẹ yọ mọ́tọ̀ náà, ẹ fi ìka yí ọ̀pá ilẹ̀kùn. Bí ó bá yí wẹ́rẹ́ tí otútù sì dé, mọ́tọ̀ nìkan lẹ ó rà.

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ máa ń ní kí wọ́n já híítà kúrò pátápátá. Mi ò lòdì sí i níbi tí kò ti sí otútù, ṣùgbọ́n kí wọ́n so họ́ọ̀sì méjèèjì pọ̀ kí omi lè máa yí, kí wọ́n má kàn dí ẹnu wọn. Kí wọ́n sì dẹ́kun rírọ omi ẹ̀rọ lásán sí rédíétọ̀. Ìpẹtà tí omi yẹn ń bí ló ń lu híítà láti inú. Bí òórùn dídùn bá ń jáde, tí gíláàsì ń ṣú pẹ̀lú ohun tó ń lẹ̀ lọ́wọ́, híítà ti lu nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ omi lásán ló ń tú sẹ́sẹ̀ èrò, họ́ọ̀sì tí omi kọ́ìlì ń gbà jáde ló dí: ẹ ti abẹ́ fi atẹ́gùn díẹ̀ fẹ́ ẹ. Omi tó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ nígbà tí éésì wà lórí, ìròyìn ayọ̀ ni.

Gosiló, ìwọ ni o mọ olè inú kọ̀ǹdẹ́ńsà. Éésì tó ń tutù bí ọkọ̀ bá ń sáré lójú Lagos Road, tó sì di ooru bó bá ti dé Ring Road tí ohun gbogbo dúró, fáànù rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Ọkọ̀ tó ń rìn ń gba atẹ́gùn ọ̀fẹ́ níwájú. Èyí tó dúró, fáànù nìkan ló ní. Ẹ wo kílọ́ọ̀ṣì fáànù, ẹ wo àárín kọ̀ǹdẹ́ńsà àti rédíétọ̀, níbi tí labalábá àti erùpẹ̀ ti di ògiri. Omi jẹ́jẹ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, omi tó bá le jù á tẹ àwọn páànù tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ pọ̀.

Gáàsì ayédèrú ni mo fẹ́ fi ohùn gíga kì, nítorí òun kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan.
A-wọṣọ-R-134a, ọmọ tí kò jọ bàbá rẹ̀,
A-pa-òṣìṣẹ́-lẹ́nu-iṣẹ́.

Ní 2011, kọ̀ńténà amóúnjẹ-tutù bú gbàù ní Vietnam àti ní Brazil, òṣìṣẹ́ mẹ́ta sì kú. Wọ́n tọpa rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ gáàsì tí wọ́n lú pọ̀ mọ́ methyl chloride. Ohun yẹn ń bá alumíníọ̀mù inú kọ̀ǹpẹ́résọ̀ jà, á sì bí ohun tó ń gbiná fúnra rẹ̀ bí atẹ́gùn bá kàn án. Ẹni tó bá sì ń fi gáàsì ìdáná rọ éésì, iná ló ń kó sí iwájú awakọ̀ lójú ọ̀nà tí ìjàǹbá kò jìnnà. Ẹ wo ṣílíńdà, ẹ bèèrè ibi tó ti wá. Bí owó rẹ̀ bá kéré jù, ẹ sá fún un.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí n kò lè gbé mì. Àwọn awakọ̀ tó ń sun inú ọkọ̀ ní páàkì, tí wọ́n ti fèrèsé, tí ẹ́ńjìnnì àti éésì ń ṣiṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é mọ́. Ọkọ̀ àgbà ní ihò lára páànù, sálẹ́ńsà rẹ̀ ń jò, ẹnu bulówà rẹ̀ sì ń fa ohunkóhun tó bá rí. Carbon monoxide inú èéfín ẹ́ńjìnnì kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kì í jí ẹni tó bá ń pa.

Éésì ọkọ̀ àgbà, mo ti kì ọ́ dé ìdí.
Tẹmómítà la ó fi bá ọ sọ̀rọ̀ wàyí, ihò àárín la ó tì í bọ̀.
Bí ìta bá jẹ́ 32 Celsius, tí o fẹ́ 12, a ó gba oyè A-jẹ-gáàsì-má-yó kúrò lọ́rùn rẹ,
A ó tún orúkọ rẹ sọ, a ó pè ọ́ ní òṣìṣẹ́.
Bí o bá fẹ́ 25, oníṣílíńdà á jókòó sí ìta gédégédé,
A ó gbé iná wá, a ó gbé gééjì wá, a ó gbé ọṣẹ olómi wá,
A ó tú dáṣíbọọ̀dù rẹ ní ìdè kọ̀ọ̀kan,
Títí a ó fi bá ẹni tó jí otútù awakọ̀ gbé.